Báàsì Orin Ijó Mi Pòórá Nígbà Tí DJ Fi Í Sí Ẹ̀rọ Ńlá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, Ayétòrò ní Òṣogbo níbí ni mò ń gbé. Mo ṣe orin ijó kan lórí FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe orin, 124 BPM (ìlù 124 láàárín ìṣẹ́jú kan) ni mo gbé e lé. Bàtá gidi ló wà nínú rẹ̀, onílù mẹ́ta ló wá lù ú nínú yàrá mi. Tí mo bá fi earpiece gbọ́ ọ, ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n DJ kan bá mi fi sí ẹ̀rọ níbi ìnáwó, ohùn ẹni tó ń kọrin ń jáde ketekete, báàsì ò sí níbẹ̀ rárá, bàtá sì wá di ariwo. Mo tún gé oríkì Ọ̀ṣun díẹ̀, bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, láti inú àwo àtijọ́ kan tí mo rí lórí YouTube, mo fi sí àárín orin náà. Ọdún Ọ̀ṣun ku oṣù méjì, ọjọ́ àṣekágbá gan-an ni mo fẹ́ gbé e jáde. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ohùn olórin tó ń jáde ketekete yẹn ni mo kọ́kọ́ dì mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Ká ní ohùn bá báàsì lọ ni, wáyà DJ ni ǹ bá ní kí o lọ yẹ̀ wò. Wọ́n máa ń fa wáyà láti ojú ihò earpiece kọ̀ǹpútà wá sínú ihò kan ṣoṣo tó jẹ́ balanced lára mixer, ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀. Irú ihò bẹ́ẹ̀ a máa yọ ohun tó wà lápá ọ̀tún kúrò nínú ti apá òsì, nítorí náà gbogbo ohun tó bá dọ́gba lápá méjèèjì, ìyẹn kick (ìlù ńlá tó ń lù gbì-gbì), báàsì àti ohùn, á pa ara wọn rẹ́. Reverb, ìyẹn gbohùngbohùn tó ń tẹ̀lé ohùn, nìkan ló máa ṣẹ́ kù. Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Báàsì nìkan ló lọ, inú mix rẹ, bí o ṣe po àwọn ohùn pọ̀, ni ẹjọ́ wà.

Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí a ń yá fún ìnáwó ní Òṣogbo, mono ni wọ́n ń lò ó. Spíkà mẹ́rin lè dúró níta, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, torí mixer ti pa apá òsì àti ọ̀tún pọ̀ kó tó rán an jáde. Bí o bá fi chorus, stereo enhancer tàbí unison tó tú ká, àwọn ohun tó ń mú ohùn fẹ̀ sí òsì àti ọ̀tún, sórí báàsì, ìgbì apá òsì lè máa gòkè nígbà tí ti ọ̀tún ń sọ̀ kalẹ̀. Earpiece ò ní jẹ́ kí o mọ̀, nítorí etí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń gbọ́ wọn, ó tiẹ̀ máa ń dùn sí i ni. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé lójú wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n á di òfo.

Láti mọ̀ dájú, ṣí mixer FL, wá bọ́tìnì yíyí kékeré stereo separation lójú Master, yí i títí yóò fi kọ "100% merged", kí o wá tẹ orin. Bí báàsì bá rọ lójijì, o ti rí ibi tó ń jò. Má wá fi Master sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí o ní ó parí o. Orí báàsì fúnra rẹ̀ ni kí o lọ. Pín in sí méjì: èyí tó wà nísàlẹ̀ 120 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) kí ó jẹ́ sine lásán, ìró tí kò ní àdàlù, ní àárín gbùngbùn, láìsí reverb, láìsí chorus. Èyí tó wà lókè 120 Hz lè fẹ̀ bó bá ṣe wù ọ́. Bó bá tiẹ̀ dín kù nínú mono, ìdí orin ò ní yẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo nóòtì tí báàsì ń tẹ̀. Hz ni kí o fi wò ó, má fi orúkọ octave wò ó, nítorí ọ̀nà tí FL fi ń ka octave yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mìíràn. C tó wà ní 32.7 Hz máa ń dùn nínú headphone tó dára, ṣùgbọ́n spíkà oní-íǹṣì 15 tí kò ní sub lẹ́gbẹ̀ẹ́, agbára rẹ̀ ti ń tán tó bá ti ń sún mọ́ 50 Hz. Ohun tí spíkà ò lè sọ, mix kankan ò lè bá a sọ ọ́. Gbé orin náà sí kọ́kọ́rọ́ tí nóòtì ìdí báàsì yóò fi bọ́ sí àárín G, 49 Hz, àti A, 55 Hz. Bí ohùn olórin ò bá gba ìyẹn, fi saturation díẹ̀ sórí báàsì kí ó lè ní ìró ní 100 sí 200 Hz. Etí á fi ìró yẹn mọ báàsì tí spíkà kò lè sọ. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí báàsì hàn lórí fóònù àti nínú kórópe, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ orin rẹ.

Kick àti báàsì ò gbọdọ̀ jọ sọ̀rọ̀ pọ̀. Ní 124 BPM, láti kick kan sí èkejì jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 484, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 242, orí ìdajì yẹn ni báàsì orin ijó sì sábà máa ń bọ́ sí. Nígbà tí o bá ń fi sidechain ti báàsì sẹ́yìn fún kick, nínú Fruity Limiter, abala COMP, jẹ́ kí attack (bó ṣe ń yára ti báàsì sẹ́yìn) yá dé ibi tó lè yá dé, kí release (àkókò tí báàsì fi ń padà) wà láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 100 sí 150. Bí release bá kọjá 242, báàsì ò tíì padà dé nígbà tí tirẹ̀ kàn, orin á sì máa mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù gun òkè.

Bàtá wá ni ọ̀rọ̀ gan-an, torí òun ni ohun tí orin rẹ ní tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin ijó mìíràn ò ní. Bó bá jẹ́ ìyáàlù, omele abo àti omele akọ ni àwọn mẹ́ta náà lù, ọ̀nà méjì ni ariwo yẹn gbà wọlé. Ojú òjò ìyáàlù ń bá báàsì rẹ du àyè kan náà. Gé gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ 90 sí 100 Hz kúrò nínú ìyáàlù. Bí o bá dá a gbọ́, wàá rò pé o ti bà á jẹ́. Má dá a gbọ́, jẹ́ kí kick máa lọ pẹ̀lú rẹ̀. Dín 300 sí 500 Hz kù ní dẹ́síbẹ̀lì 3 tàbí 4, ibẹ̀ ni ìró yàrá kékeré ń kó jọ sí. Èkejì, omele kì í sinmi, ìró rẹ̀ mú, o sì tún fi hi-hat (àwo irin inú ìlù òyìnbó) àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tì í, bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ FL sí. Horn spíkà ńlá a máa gbé 2 sí 5 kHz jáde gan-an, nítorí náà ṣáá-ṣáá lásán ni àwọn tó wà lójú agbo ń gbọ́. Yọ hi-hat kúrò. Omele ti ń ṣe iṣẹ́ hi-hat látijọ́, kò nílò olùrànlọ́wọ́. Ti omele kan sí òsì díẹ̀, èkejì sí ọ̀tún díẹ̀, kí ìyáàlù dúró láàárín.

Bí o bá lè pe àwọn àyàn náà padà, pè wọ́n. Ìlù tí a gbà sílẹ̀ dáadáa ò nílò ìdajì àtúnṣe tí mo kà sókè yìí. Má gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ìyáàlù ń pè, omele ń dáhùn. Bí o bá yà wọ́n, ìlù á kú. Wá yàrá tó fẹ̀ ju tìrẹ lọ, gbé fóòmù ibùsùn ti ògiri méjì, kí máìkì kọ̀ọ̀kan jìnnà sí ìlù tirẹ̀ tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Bílálà tó ń lu ṣáṣá máa ń ta ṣóńṣó sókè lójijì, nítorí náà má jẹ́ kí ohùn tó ń wọlé kọjá -10 dB. Bí o bá fi máìkì méjì sí ojú méjèèjì ìyáàlù, yí polarity ọ̀kan padà (kí ìgbì rẹ̀ dorí kodò), gbọ́ méjèèjì, kí o mú èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wúwo jù. Tọ́jú iná pẹ̀lú. Ìró iná ìjọba àti ti jẹnẹrétọ̀ wà ní 50 Hz, G tí mo ní kí o gbé báàsì sí sì wà ní 49. Bí ìró yẹn bá wọnú máìkì, yóò máa bá báàsì rẹ gbọ̀n títí orin á fi parí. Fi bátìrì kọ̀ǹpútà gbà á sílẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa.

Má fún wọn ní click tó ń dún tí-tí-tí. Gbé agogo kan sí 124 BPM, kí wọ́n máa gbọ́ ọ nínú headphone. Agogo ni onílù ti mọ̀ láti kékeré, kò ní sá fún un. Nígbà tí o bá sì ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà, má ṣe quantize gbogbo ìlù, ìyẹn kí o tì í sórí ìlà àkókò (grid) inú kọ̀ǹpútà. Bàtá ń pín ìlù kan sí mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, grid rẹ ń pín in sí mẹ́rin. Bí o bá fipá tì í sórí grid, ijó inú rẹ̀ á jáde lọ. Ìlù àkọ́kọ́ nínú bar mẹ́rin mẹ́rin (kick mẹ́rin ni bar kan) nìkan ni kí o tò, fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ṣe rìn.

Ohun tí ẹni tó ń gé ìlù ní ìlú mìíràn ò ní ro ni pé bàtá ń sọ̀rọ̀. Bí o bá gé ìlà ìyáàlù sí bar mẹ́rin kí ó lè máa yípo, ó ṣeé ṣe kí o ti gé gbólóhùn láàárín, kí àgbà tó gbọ́ ìlù máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò parí, tàbí èyí tó ti yí padà di èébú. Jókòó ti onílù, kí ó fi ẹnu sọ ohun tó fi ìlù wí, kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó gé ohunkóhun. Gbígbé gbogbo ìlà náà sókè ní semitone (ìṣísẹ̀ ohùn tó kéré jù lórí dùùrù) kan tàbí méjì ò ba ọ̀rọ̀ jẹ́, torí gbogbo rẹ̀ ló jọ gòkè. Èyí tó ń bà á jẹ́ ni kí o fa ìlù kan ṣoṣo nínú gbólóhùn sókè kí ó lè bá kọ́ọ̀dù mu. Béèrè pẹ̀lú bóyá ìlù àríyá ni wọ́n lù fún ọ tàbí ìlù òrìṣà. Òmíràn wà tí àwọn onílé rẹ̀ ò ní fẹ́ gbọ́ nídìí ọtí, Òṣogbo sì ni o wà. Wọn á dá a mọ̀ kí kick kejì tó lù.

Oríkì tí o gé nínú àwo yẹn, yọ ọ́. Kò sí òfin tó ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ kò tó nǹkan, àsọdá àwọn ọmọ sítúdíò ni. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ lórí ohùn tí a gbà sílẹ̀ máa ń wà fún ọdún 50 lẹ́yìn tó jáde. Ẹ̀tọ́ lórí orin inú rẹ̀ yàtọ̀, ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣe é ló ń lọ. Content ID, ètò tí YouTube fi ń mọ orin olórin, lè dá a mọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, kí owó máa lọ sọ́dọ̀ olóhun, ilé iṣẹ́ tó ń pín orin rẹ sì lè mú gbogbo orin náà kúrò. Wá obìnrin tó mọ oríkì Ọ̀ṣun kì, wọ́n pọ̀ nílùú yìí, sanwó fún un, kí o gbà á sílẹ̀ lákọ̀tun. Ohun ìbílẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Kọ ọ́ sínú credits pé oríkì Ọ̀ṣun, Òṣogbo, ni.

Fún òun àti àwọn àyàn, ìwé kan ṣoṣo ti tó: orúkọ, iye tí o san, bóyá owó iṣẹ́ nìkan ni tàbí wọ́n ní ìpín nínú owó tó ń bọ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i kí orin tó jáde. Ní tèmi, bó bá jẹ́ ìlà ìyáàlù ni àwọn ènìyàn á máa fi ẹnu lù kiri, ẹni tó lù ú yẹ kó ní ìpín.

Kí o tó master, ìyẹn àtúnṣe ìkẹyìn lórí mix, lọ gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ gidi. Láàárọ̀ Sátidé tí àwọn oní-sáǹdì bá ń to spíkà sínú gbọ̀ngàn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni kí o bẹ̀ wọ́n fún. Gbé orin rẹ àti orin ijó mìíràn tí o mọ̀ dunjú sórí flash kan, mú méjèèjì wá sí ìwọ̀n ohùn kan náà, kí o máa gbé e bọ́ láti orí ọ̀kan sí èkejì. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni kí o dúró sí, kì í ṣe iwájú spíkà.

FL sábà máa ń fi limiter sórí Master fúnra rẹ̀ bí o bá ṣí iṣẹ́ tuntun. Yọ ọ́, kí ibi tó ga jù nínú mix wà ní nǹkan bí -6 dB, kí o sì gbé e jáde ní WAV 24-bit, 44.1 kHz. Wọ́n á ti sọ fún ọ pé Spotify ń mú orin wá sí -14 LUFS (ìwọ̀n bí orin ṣe ń dún sókè tó), òótọ́ ni, ṣùgbọ́n má torí ìyẹn master orin ijó sí -14. Fáìlì fúnra rẹ̀ ni DJ ń lò, yóò sì tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé orin tó wà ní -8. Tìrẹ á wá dà bíi pé iná ti dín kù. Láàárín -9 sí -8 dára, kí true peak (ṣóńṣó ìró tó ga jù) má kọjá -1 dB, nítorí ṣóńṣó ìró a máa ga sí i nígbà tí wọ́n bá sọ WAV di MP3 tàbí AAC.

Ẹ̀dà méjì ni kí o ṣe. Èyí tó gùn, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà, kí kick àti ìlù nìkan ṣáájú fún bar 16 tàbí 32, kí wọ́n sì parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 124 BPM, bar 16 jẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá 31, ibẹ̀ ni DJ á ti fi orin kan wọ inú òmíràn. Bí ohùn bá bẹ̀rẹ̀ ní ojú ẹsẹ̀, kò ní rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé, yóò sì fi orin rẹ sílẹ̀. Èkejì jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta fún rédíò àti fóònù. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní ISRC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ orin) tirẹ̀. Bí o bá ń fi ránṣẹ́ sí DJ lórí WhatsApp, fi í ránṣẹ́ bíi document, MP3 320 tàbí WAV. Fún àwọn rédíò ìlú, kúkúrú ni kí o mú lọ, ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó jáde.

Àkọlé ń kó wàhálà bá wa ju àwọn mìíràn lọ. Yan bí o ṣe máa kọ ọ́, pẹ̀lú àmì tàbí láìsí àmì, kí o sì kọ ọ́ bákan náà níbi gbogbo. Bó bá jẹ́ "Ọ̀ṣun" níbì kan, "Osun" níbòmíràn, ẹ̀rọ lè kà wọ́n sí orin méjì. Èmi á fi àmì sí àkọlé, màá fi orúkọ olórin sílẹ̀ láìsí àmì kí ó lè rọrùn láti wá, orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀ á sì jẹ́ lẹ́tà lásán. Àwòrán iwájú jẹ́ 3000 ní 3000 pixel, JPG, RGB. Má kọ nọ́ńbà fóònù sí i, má fi àmì Instagram sí i. Wọ́n á dá a padà, ọ̀sẹ̀ kan á sì ti lọ. Bí o bá fẹ́ ya fídíò nínú Igbó Ọ̀ṣun, ohun àjogúnbá àgbáyé UNESCO ni láti 2005, gba àṣẹ kí o tó gbé kámẹ́rà wọlé.

Nígbà tí o bá ń yan ilé iṣẹ́ tó ń pín orin, béèrè ohun kan: ṣé owó ọdọọdún ni wọ́n ń gbà tàbí ìdá nínú owó orin? Àwọn kan tó ń gba owó ọdọọdún á mú orin kúrò bí o kò bá san. Owó orí orin tí o gbà sílẹ̀ nìkan ni àwọn ilé iṣẹ́ yìí sì ń san. Owó ẹni tó kọ orin, ọ̀dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn tó kọ orin gba owó wọn ní Nàìjíríà, ni o ti máa forúkọ sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ wá kù. Káàkiri àgbáyé, ọjọ́ Ẹtì ni orin tuntun ń jáde láti oṣù keje 2015, àṣekágbá Ọdún Ọ̀ṣun náà sì ti ń bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì ní oṣù kẹjọ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. Mo mọ ìdí tó fi wù ọ́. Má ṣe é lọ́jọ́ yẹn. DJ ilé ìtura àti ilé ọtí ti to orin wọn sílẹ̀ ṣáájú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń há nígbà tí èrò bá kún ìlú, etí àwọn ènìyàn ò sì tíì mọ orin rẹ. Ọjọ́ Ẹtì tó súnmọ́ Ìwọ́pópó, ètò tó ń ṣí Ọdún Ọ̀ṣun, bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àṣekágbá, ló dára. Kà á sẹ́yìn: Spotify ń fẹ́ kí o fi orin lọ àwọn tó ń to playlist ó kéré tán ọjọ́ méje kó tó jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ló sì fini lọ́kàn balẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó kù, méjì péré ni o ní fún ìlù, mix, master àti àwòrán. Mẹ́ta, bí o bá gbà láti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́. Bí báàsì ò bá tíì dúró nínú mono ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹta, fi Ọdún Ọ̀ṣun sílẹ̀ kí o gbé e sí oṣù kejìlá, ìgbà tí àwọn ọmọ ìlú ń wálé.

Lọ́jọ́ tó bá jáde, ṣí i fúnra rẹ lórí Spotify, Apple Music, Boomplay àti Audiomack. Wò ó bóyá àmì orí àkọlé jáde, bóyá ẹ̀dà gígùn àti kúkúrú ò gba ipò ara wọn, bóyá orúkọ àwọn àyàn wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní láti mú un kúrò kí wọ́n tún un gbé sókè, rí i dájú pé ISRC kan náà ni o lò, kí iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ọ lè bá a lọ.